Bí a ṣe ń mọ ẹ̀ṣọ́ tó jẹ́ ti ọkọ̀ àtijọ́ gan-an

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí, Peugeot àtijọ́ kò tíì tán nílẹ̀. Ẹ wọ agboolé tó bá tóbi díẹ̀, ẹ lè bá 404 bâchée (èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti ìkẹ́rù) lábẹ́ igi máńgòrò tí adìẹ ti ń yé ẹyin sínú rẹ̀, tàbí 504 tí wọ́n ti fi tapólì bò láti ọjọ́ tí bàbá ti kú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pè mí wá wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ bàbá wọn padà rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í yọ wá lẹ́nu púpọ̀, torí àwọn mẹkáníìkì wa mọ ẹ́ńjìnnì yẹn bí ẹni mọ ọ̀nà oko. Páànù náà ní àwọn ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n lù. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni ẹ̀ṣọ́: irin dídán tó yí fèrèsé ká, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, gríìlì, bọ́ńpà (tí àwa níbí ń pè ní pare-chocs), wíìlì kọ́fà, orúkọ tó wà lára búùtù, ọwọ́ ilẹ̀kùn, rọ́bà, awọ ìjókòó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á mú ọ̀kan wá láti ọjà, á fi lé e, á ní, "Ṣebí ó wọ̀?" Ó wọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ mìíràn ni. Tí irú rẹ̀ bá ti tó márùn-ún lára ọkọ̀ kan, ọkọ̀ yẹn á máa dán, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì máa wò ó bí ẹni tó wọ ṣòkòtò ẹlòmíràn jáde.

Ìlànà tí èmi ń tẹ̀lé ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ara ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, kí ẹ tó lọ bi ọjà. Peugeot 504 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí òun ló pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ọdún tí wọ́n ṣe é

Carte grise, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, kò tó. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà ló wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ sì lè ti jókòó sí ọgbà olówò fún oṣù mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Ohun kejì tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ Faransé kì í fi oṣù kìíní bẹ̀rẹ̀ ọdún ọkọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìsinmi oṣù kẹjọ ni ọkọ̀ ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Èyí ni pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 1971, ọkọ̀ 1972 ni wọ́n ń pè é, ìgbà yẹn náà ni wọ́n sì sábà máa ń pààrọ̀ ẹ̀ṣọ́. Tí carte grise bá sọ pé oṣù kejì 1972, ọkọ̀ náà lè jẹ́ ti 1971, ó sì lè jẹ́ ti 1972. Ìyàtọ̀ méjèèjì lè jẹ́ gríìlì kan tàbí ọwọ́ ilẹ̀kùn mẹ́rin.

Nítorí náà, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa bá àwo irin kékeré kan tí wọ́n fi ribẹ́ẹ̀tì kàn mọ́ ara ọkọ̀, irú ọkọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ tún máa bá nọ́ńbà yẹn kan náà tí wọ́n lù sára irin ọkọ̀ gan-an. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Tí ẹ bá rí i pé sukúrúù ni wọ́n fi de àwo náà dípò ribẹ́ẹ̀tì, ẹnìkan ti yọ ọ́ rí. Ẹ má gbà á gbọ́ kíá. Láti ka èyí tí wọ́n lù sára irin, ẹ má fi sáńpépà ha á, ẹ ó pa á rẹ́ ni. Ẹ fi karosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nu ibẹ̀ títí ọ̀rá á fi lọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi ẹfun ìkọ̀wé pa á lórí, kí ẹ fi ọwọ́ nu orí rẹ̀ nù. Ẹfun á dúró sínú nọ́ńbà, ẹ ó sì kà á bí ẹni ka ìwé.

Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ìwé àkójọ ẹ̀yà tí ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ fún àwọn tó ń ta ọkọ̀ wọn. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ọ́ pé láti nọ́ńbà báyìí títí dé nọ́ńbà báyìí ni ó jẹ́ tiwọn. Àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ti ya àwòrán ọ̀pọ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ti ọkọ̀ yín, ẹ tẹ ojú ewé tó kan ẹ̀ṣọ́ jáde, ẹ fi lẹ́ mọ́ ògiri gárééjì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ irú èyí tó jẹ́ nínú ìdílé rẹ̀

Oṣù kẹsàn-án 1968 ni 504 jáde, Pininfarina ló bá wọn ya ìrísí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ti di ìdílé ńlá: sálúùnù, èyí tó ní búùtù gígùn bí ilé tó jáde ní 1971, Familiale tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, kupé, àti bâchée tó dé lẹ́yìn. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kaduna ní Nàìjíríà, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀yà rẹ̀ fi ń gba ẹnubodè Ìgòlò wọlé wá bá wa títí di òní.

Gbogbo wọn ń jẹ́ 504, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Láti àárín táyà iwájú sí àárín táyà ẹ̀yìn, sálúùnù jẹ́ mítà 2.74, èyí tó ní búùtù gígùn jẹ́ mítà 2.90. Ẹ̀ṣọ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn kọjá lára ọ̀kan kò lè jẹ́ ti èkejì. Iná ẹ̀yìn wọn náà yàtọ̀ pátápátá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ipò rẹ̀: L, GL, TI, tàbí GR àti SR tó dé lẹ́yìn. Lẹ́tà tó wà lára búùtù kì í ṣe ẹ̀rí, torí lẹ́tà rọrùn láti rà. Ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Sálúùnù 504 L tó jáde ní 1973, tí wọ́n ṣe kó dínwó, áàsìlì ẹ̀yìn rẹ̀ le gbọnrangandan láti táyà kan dé èkejì. Ti GL ìgbà yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ló ń dá gbé ara rẹ̀ sókè. Tí búùtù bá ń pe ara rẹ̀ ní GL tí abẹ́ ọkọ̀ sì ń pe ara rẹ̀ ní L, abẹ́ ni mo máa ń gbọ́ tirẹ̀, torí ẹ̀ṣọ́ L kéré sí ti GL. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kó owó lé ẹ̀ṣọ́ tí ilé iṣẹ́ kò fún ọkọ̀ wọn rí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá àwòrán inú ilé

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ bi àwọn àgbà ilé bóyá wọ́n ní fọ́tò. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní mọ́tò kì í ya fọ́tò láìsí mọ́tò níbẹ̀. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ, fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò Iléyá: ẹ wo ẹ̀yìn àwọn ènìyàn, kì í ṣe ojú wọn. Mo ti rí wíìlì kọ́fà lẹ́bàá gèlè ìyàwó, mo ti rí gríìlì láàárín ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò náà, kí ẹ fà á tóbi. Ẹ má gba fọ́tò náà lọ ilé yín o. Ó níye lórí fún àwọn onílé ju ọkọ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ihò

Ibí ni mo ti ń pẹ́ jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ara ọkọ̀ kì í lẹ̀ mọ́ páànù fúnra rẹ̀. Kílíìpù ló ń dì í mú, kílíìpù sì ń gba inú ihò. Ilé iṣẹ́ ló gbẹ́ ihò yẹn pẹ̀lú ẹ̀rọ, nítorí náà etí rẹ̀ mọ́, ó yípo dáadáa tàbí kó jẹ́ onígun mẹ́rin gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ìlà wọn sì tọ́. Ihò tí páńẹ́ẹ̀lì bítà fi dírì gbẹ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀kan ga, ọ̀kan rẹlẹ̀, etí rẹ̀ sì ní eyín.

Àwọn tó kun ọkọ̀ rí lè ti fi mastic (pọ́tì) dí ihò, kí wọ́n sì kùn ún bò. Láti òde, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo á yọ páálí inú ilẹ̀kùn, mo á dúró di alẹ́ tàbí kí n ti ilẹ̀kùn gárééjì kó ṣókùnkùn. Mo á wá ki ọwọ́ tí mo fi di tọ́ọ̀ṣì mú bọ inú ilẹ̀kùn, kí n tan iná sí ẹ̀yìn páànù. Lẹ́yìn páànù, wọn kì í sábà fi mastic tẹ́jú. Á yọ jáde nínú ihò bí èèpá kékeré, funfun tàbí àwọ̀ eérú. Ẹ fi ìka tọ́ ọ lọ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ẹ kà wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, mẹ́rin tàbí márùn-ún á tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan náà. Ìlà ẹ̀ṣọ́ tó sọnù nìyẹn.

Ẹ wá fi abẹ́rẹ́ gún mastic náà jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ yọ síta. Ẹ mú páálí gígùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn láti òde, kí ẹ fi bírò sàmì sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan, etí ilẹ̀kùn méjèèjì, àti ibi tí ilẹ̀kùn ti tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ kọ ìwọ̀n sí i ní mìlímítà, kí ẹ kọ ọ́ pé "iwájú" síbí, "òkè" sọ́hùn-ún. Páálí yìí ni ẹ máa gbé lọ sọ́jà. Ẹ̀yà tí kílíìpù rẹ̀ kò bá ojú páálí mu kì í ṣe tiyín, bó ti wù kó dán tó.

Yàtọ̀ sí ihò, òjìji náà ń sọ̀rọ̀. Ibi tí ẹ̀ṣọ́ ti wà fún ogún ọdún, oòrùn kò dé ibẹ̀, àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ á dúdú ju ti àyíká lọ. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù nígbà tí oòrùn ṣì ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí ìlà náà. Ní ọ̀sán gangan, kò ní hàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọ̀ abẹ́ àwọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ kan. Ọkùnrin kan gbé 504 bàbá rẹ̀ wá bá mi láti Kétu, orí ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n gbé e gba Pọ́bẹ̀ àti Sakété kọjá. Gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì ní ọwọ́ tó yọ síta tó ní bọ́tìnì títẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì sì ní ọwọ́ tó wọnú páànù, èyí tí a ń ki ìka bọ̀ kí a tó fà á. Ẹni tó bá mọ 504 mọ̀ pé oníbọ́tìnì ló ṣáájú, èyí tó wọnú ló dé lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ méjì ló pàdé lára ọkọ̀ kan.

Ọkùnrin náà ti dá a lẹ́jọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ àtijọ́ ni, èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ bá mi wá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ní bọ́tìnì." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ òótọ́. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ kan.

Mo mú sáńpépà tó lẹ́jú kíkúnná, mo fi omi sí i, mo ha ibi tó tó owó ẹyọ kan ní etí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, lẹ́bàá ìdè, níbi tí ojú kò ní rí i. Tí ẹ bá ń ha á yípo pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọ̀ á máa hàn ní òrùka-òrùka bí inú igi tí wọ́n gé. Ní ilẹ̀kùn iwájú: búlúù, lẹ́yìn náà eérú, lẹ́yìn náà funfun. Ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: búlúù, eérú, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé tó rẹ̀ dòdò díẹ̀. Mo wá gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀dà kùn rí. Àwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀. Mo wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọ̀ ewé ni.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí ó jọ tuntun, ló bá ọkọ̀ wá. Àwọn tó jọ àtijọ́ níwájú ni àlejò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi fọ́tò ìsọmọlórúkọ kan ránṣẹ́ láti Kétu: ìyá wọn dúró ti ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí òrùlé, ilẹ̀kùn iwájú tó wà ní ìbàdí rẹ̀ kò ní bọ́tìnì kankan. Tí mo bá ti gbọ́ràn sí i lẹ́nu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìbá di ti ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ ha ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì, búùtù àti pẹpẹ iwájú, ibi kéékèèké ní ìkọ̀kọ̀. Èyí tí àwọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti abẹ́ ìjókòó, ẹ má fi ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: irin wo ni?

Ẹ wá òòfà kékeré kan, èyí tó wà nínú sípíkà rédíò tó bàjẹ́ dára. Ẹ fi aṣọ wé e kó má ha nǹkan. Ẹ gbé e súnmọ́ ẹ̀ṣọ́.

Tí kò bá fà á, tí ẹ̀ṣọ́ náà sì fúyẹ́, àlùmíníọ̀mù ni. Tí kò bá fà á, tó sì wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lọ, tí ojú rẹ̀ ń lé róró kéékèèké, àdàlù síǹkì ni wọ́n dà tí wọ́n fi króòmù bò. Ọwọ́ ilẹ̀kùn àti lẹ́tà ara búùtù ló sábà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí òòfà bá fà á, ẹ má tíì sọ pé irin lásán ni. Irin tí kì í dógùn-ún tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀, òòfà ń fa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, èyí sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ojúlówó nù. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Irin tí wọ́n fi króòmù bò á ní ìpẹtà pupa nínú ìṣẹ́po ẹ̀yìn. Irin tí kì í dógùn-ún, ẹ̀yìn àti iwájú rẹ̀ àwọ̀ kan náà ni.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Bí ọdún ṣe ń lọ, àwọn ilé iṣẹ́ ń fi ike rọ́pò irin. Renault 4 jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára: gríìlì rẹ̀ jẹ́ irin níbẹ̀rẹ̀, ó di ike dúdú nígbà tó yá. Ike lára ọkọ̀ tí wọ́n bí ní irin, láti ara àbúrò rẹ̀ ló ti wá. Ó tún kan bí ẹ ṣe máa nù ún: àlùmíníọ̀mù ẹ̀ṣọ́ ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi iná mànàmáná ṣe sí i lórí. Sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ á bó awọ yẹn lójú ẹsẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà á sì di bàìbàì títí ayé.

Ìgbésẹ̀ keje: àmì tó wà lẹ́yìn ẹ̀yà

Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ẹ̀yìn ẹ̀yà kí ẹ tó san owó. Nọ́ńbà ẹ̀yà Peugeot ti ìgbà yẹn máa ń jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin, àmì ìdúró, nọ́ńbà méjì. Ti Mercedes bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀lé e ló ń sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. A 123 wà fún W123. Ti Volkswagen ìjàpá, 111 tàbí 113 ló sábà ń ṣíwájú. Fún Volkswagen, tí ẹ̀yà bá ní ẹ̀gbẹ́ òsì àti ọ̀tún, nọ́ńbà tó parí sí èyí tí kò ṣeé pín sí méjì, bíi 1, 3, 5, sábà ń jẹ́ ti òsì, èyí tó parí sí 2, 4, 6 jẹ́ ti ọ̀tún. Àwọn Faransé máa ń kọ G fún òsì, D fún ọ̀tún, AV fún iwájú, AR fún ẹ̀yìn. Òsì àti ọ̀tún ẹni tó jókòó sídìí sítíárì ni o, kì í ṣe ti ẹni tó dúró kọjú sí ọkọ̀. Èyí nìkan ti dá ìjà sílẹ̀ lọ́jà lójú mi.

Lójú iná, ẹ wo E tó wà nínú òbìrí. E1 ni Jámánì, E2 ni Faransé, E3 ni Ítálì, E9 ni Spéìnì. Orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i ló ń sọ, kò fi dandan jẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ wo orúkọ ẹni tó ṣe é pẹ̀lú: Cibié, Marchal, Ducellier. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan lè máa ra iná lọ́wọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ojú iná ti ọ̀kan kì í sì í jókòó dáadáa sórí ìdí ti èkejì. Òsì àti ọ̀tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan.

Nípa iná iwájú, ohun kan wà tó kan àwa ará ẹnubodè. Títí di oṣù kẹrin 1972, apá òsì ni wọ́n ń wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí àwa ní Dahomey (Benin òní) ń wa apá ọ̀tún. Ẹ̀yà 404 àti 504 àkọ́kọ́ tó bá ti ìhà Ìdí-Ìrókò wá lè jẹ́ ti ọkọ̀ onísítíárì ọ̀tún: dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ á yí padà, apá wápà rẹ̀ á gbá síbi tí kò yẹ. Ojú iná tó ní ọfà kan ṣoṣo lábẹ́ àmì E wà fún ọ̀nà apá òsì. Tí kò bá ní ọfà, tàbí tí ọfà rẹ̀ bá ní orí méjì, ó dára fún wa. Àwọn ọkọ̀ Faransé ìgbà yẹn tún máa ń tan iná iwájú ní àwọ̀ yẹ́lò, òfin Faransé ló bèèrè fún un títí di 1993. Gílóòbù ló sábà ń ní àwọ̀ yẹn, kì í ṣe ojú iná. Ẹ má fi ọ̀dà kun ojú iná.

Lára ike, ẹ wá òbìrí kékeré tó ní nọ́ńbà méjì àti ọfà láàárín. Ọdún àti oṣù tí wọ́n dà á nìyẹn. Òfin mi lórí èyí kò ṣòro: ẹ̀yà gbọ́dọ̀ dàgbà ju ọkọ̀ lọ díẹ̀. Ẹ̀yà tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọkọ̀ kò lè jẹ́ ti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bákan náà ni àmì kìnnìún Peugeot: ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo kìnnìún tó jẹ́ ìlà lásán, inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ má kàn án mọ́ imú ọkọ̀ 1970.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: rọ́bà àti awọ ìjókòó

Ẹ má gbé rọ́bà gígùn kiri. Ẹ fi abẹ tuntun gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tó ṣì le, kí ojú gígé mọ́. Ẹ fi ojú yẹn kan íǹkì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Àwòrán rẹ̀ á jáde bí òǹtẹ̀: ètè rẹ̀, kòtò rẹ̀, ìrù rẹ̀. Fi ìwé yẹn wé ti ọlọ́jà.

Ní ti ìjókòó, àwọ̀ tí ẹ ń rí ti kú lójú oòrùn. Ẹ wo abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ skaï (awọ àtọwọ́dá) náà wọ abẹ́. Ẹ gé e tó páálí ìṣáná, kí ẹ fi sínú àpòòwé tó dúdú.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ọjà

Bóyá Kútọnu lẹ ń lọ ni o, tàbí Ládípọ̀ ní Èkó, ẹ gbé páálí yín, òòfà, tépù ìwọ̀n, fọ́tò àti èyí tó kù lára ẹ̀ṣọ́ tó ṣẹ́. Ọlọ́jà á sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo 504 ló ń wọ̀." Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní, "Ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi páálí mi wọ̀n ọ́n." Páálí á dá a lóhùn.

Ẹ bi í pé ara ọkọ̀ wo ló ti yọ ọ́, àti pé ọkọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀? Tó bá ṣì wà, ẹ lọ wò ó, kí ẹ ra gbogbo ẹ̀ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ kan pa pọ̀ pẹ̀lú kílíìpù wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sukurudíráfà tú u. Èmi máa ń mú èèkàn oparun tí mo gbẹ́ pẹlẹbẹ lọ, mo á fi ti kílíìpù láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìpẹ̀kun wá. Àlùmíníọ̀mù tó bá ti ṣẹ́po lẹ́ẹ̀kan kò ní tọ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ẹ gbé e wọ̀ kí ẹ tó kùn

Kí ọ̀dà tó dé, ẹ fi gbogbo ẹ̀ṣọ́ sára ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró ní ẹ̀yìn, ẹ fi ojú kan wo ìlà rẹ̀ láti iná ẹ̀yìn dé iná iwájú. Ó gbọ́dọ̀ lọ tààrà bí okùn tí wọ́n ta. Tí ó bá fò níbi ilẹ̀kùn kan, ẹ wo ìdè ilẹ̀kùn ná kí ẹ tó dá ẹ̀ṣọ́ lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ẹ tú u, kí ẹ kùn, kí ẹ tún un fi sí i pẹ̀lú kílíìpù tuntun. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa níbí kì í fi irin sílẹ̀. Níbi tí àlùmíníọ̀mù bá ti kan irin, ẹ fi rọ́bà fẹ́lẹ́ sí àárín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn méjèèjì á jẹ ara wọn.

Tí ẹ kò bá rí ojúlówó, ẹ lè fi èyí tó jọ ọ́ dí àyè, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́ ihò tuntun nítorí rẹ̀. Ẹ má sì da èyí tó ṣẹ́ nù. Bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ẹ̀ṣọ́ yẹn ni ẹ máa fi wá ẹnìkejì rẹ̀ lọ́dún mìíràn. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ibi tó ti wá àti ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́ sí i.

Fún ọkọ̀ Kétu yẹn, a rí ilẹ̀kùn iwájú méjì tó bá ọdún rẹ̀ mu lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ọwọ́ oníbọ́tìnì méjèèjì tí a yọ wà nínú àpótí lókè àjà mi, mo ti fi epo pa wọ́n, mo sì ti so ìwé mọ́ wọn: "504, ti àkọ́kọ́, iwájú, G àti D." Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó ṣáájú, tó sì ń wá wọn, kó gbé páálí rẹ̀ dání wá.